Ṣé Ó Wọlé?

"Má tíì lajú," ni wọ́n wí. "Fi etí gbọ́ ọ ná."

Mo di ojú mi pinpin. Orí sìmẹ́ńtì kan tó ti sán ni mo dúró sí, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti tì pa. Mi ò wọ bàtà, ìrì sì wà lára koríko tó hù láàárín sìmẹ́ńtì náà. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń bọ̀ láti òdìkejì ògiri. Nǹkan kan kọjá lókè orí mi, fììì, bí ẹni ń rọra fa aṣọ àrán yọ nínú àpótí. Ó lọ sẹ́yìn, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ náà pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lajú. Ìgbà náà ló tó padà, fììì, ó tún kọjá lórí mi, ó sì dún tín nínú abọ́ irin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú.

"Ó wọlé, mà," ni mo wí.

"Mo gbọ́ ọ. Ìgbà tí kò bá dún ni mo nílò ẹnu rẹ."

Àgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í ṣe ìyá tó bí mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Aládùúgbò wa ni wọ́n. Yàrá wọn ló kángun sẹ́yìn pátápátá nínú ilé tí a jọ ń gbé, níbi tí Agége ti ń parí tí Ìkẹjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá bi èèyàn méjì léèrè ibi tí ààlà náà wà, èsì mẹ́ta ni wàá gbọ́. Mo mọ orúkọ wọn dáadáa, àmọ́ wọn kì í fẹ́ kí ọmọdé máa da orúkọ àgbà sẹ́nu bí ẹ̀pà, nítorí náà mi ò ní dá a níbí. Ìyá la máa ń pè wọ́n, Ìyá náà ni n óò máa pè wọ́n.

Ìyá ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nínú ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ká òwú sórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà. Nígbà tí èmi gbọ́njú, ẹ̀rọ kankan ò dún níbẹ̀ mọ́. Ẹyẹ ló ń gbé inú rẹ̀, òrùlé ti dípẹtà, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àwọn páànù á máa lu ara wọn títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kòtò omi ńlá kan wà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, tí ẹ̀rọ ń mu omi rẹ̀ láyé ọjọ́un. Òjò ló wá ń kún un. Òṣíbàtà bo apá kan, ẹja epìyà sì wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kó wọn síbẹ̀. Ojú ihò kan lára ògiri la máa ń gbà wọlé. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mọ Ìyá láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ṣì wà láyè. Bó bá ti rí wa, á kí wọn, á sì yíjú sí ọ̀nà títì bí ẹni pé ọkọ̀ kan fẹ́ wọlé.

Ọwọ́ òyìnbó kan tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe ni Ìyá ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń fì okùn pẹja. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òyìnbó náà á mú ọ̀pá ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á dúró létí kòtò, okùn ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ síwájú, á máa lọ sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó ń ṣíwọ́ iṣẹ́ á máa fi ṣe ẹ̀rín. Wọ́n á ní ẹ wo àgbàlagbà tó ń na omi ní pàṣán, kí lomi ṣe fún un. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi tán, tó wá ku ìwòran. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó ju ọ̀pá kan tó ti ṣẹ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Ìyá mú un.

Ohun tí mo bá lọ́wọ́ wọn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì òkè ọ̀pá náà ló jẹ́ ti òyìnbó. Ìdajì ìsàlẹ̀, ọparun ni, òwú ni wọ́n fi wé méjèèjì mọ́ra, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù pa á. Kẹ̀kẹ́ òwú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ká okùn mọ́. Okùn yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òwú tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi dì í bí ẹni ń dirun. Fọ́nrán mẹ́jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dì í lọ ni wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mẹ́jọ di méje, méje di mẹ́fà, títí ó fi ku mẹ́ta péré lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí irun ọmọbìnrin ṣe máa ń tín-ín-rín lọ sídìí. Wọ́n ní bí okùn bá nípọn dọ́gba, ńṣe ni yóò kàn já lulẹ̀. Bó bá ń tín-ín-rín lọ, èyí tó sanra á máa ti èyí tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ síwájú. Irun ìrù màlúù láti ilé ìpẹran Oko Ọba ni wọ́n so mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹja má baà fura. Ìyẹ́ àkùkọ pupa ni wọ́n wé mọ́ ìwọ̀, èyí ni wọ́n ń pè ní eṣinṣin.

Kí okùn má baà rì, wọ́n máa ń fi àbẹ́là pa á. Ibẹ̀ lèmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun là ń lọ nílé wa, màmá mi ló sì máa ń gbá ilé àdúrà, nítorí náà kùkùté àbẹ́là kì í wọ́n mi. Mùsùlùmí ni Ìyá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán ni wọ́n máa ń lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Bí mo bá kó àbẹ́là dé, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ní, "Bá mi kí wòlíì yín. Sọ fún un pé àbẹ́là rẹ̀ dáa, ó ń léfòó. Àdúrà rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì dán wò." Èmi á rẹ́rìn-ín. Mi ò jíṣẹ́ náà rí.

Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ràn jù. Màá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á máa dirun fún mi, okùn náà á wà lórí wáyà aṣọ lókè wa, omi á máa kán lára rẹ̀ tó, tó, tó. Òórùn àbẹ́là, òórùn òróró àgbọn, òórùn káńfọ̀ tó wà lára aṣọ wọn. Rélùwéè á kọjá lọ́nà Agége, ilẹ̀ á gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ìdí mi, oorun á sì máa kùn mí. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń balẹ̀ ní Ìkẹjà, Ìyá á dá ọwọ́ dúró lórí mi títí ariwo rẹ̀ á fi kọjá. Mo rò pé wọ́n ń wò ó ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé etí wọn ni wọ́n ń dúró dè.

Ojú wọn ló ń lọ. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣú bí ilẹ̀ ṣe máa ń ṣú, tí èèyàn á ṣì máa sọ pé òun ríran títí yóò fi kọsẹ̀. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kí ìró màmá mi. Ìró náà wà lórí wáyà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Ìyá dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Wọ́n sì dúró kí ìró dáhùn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo mú ṣíbí lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí n óò gbé ojú sí. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe mí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ohun tó o rí yẹn," ni wọ́n wí, "ọ̀dọ̀ rẹ ni kó mọ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ojú wọn.

Iṣẹ́ mi ò le. A máa ń gbé abọ́ irin kan sórí sìmẹ́ńtì, ìṣísẹ̀ méjìdínlógún sí ibi tí Ìyá dúró sí. Wọ́n ti gé ìwọ̀ kúrò lára eṣinṣin kan, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré rọ́pò rẹ̀ kó lè máa dún. Màá dúró lẹ́yìn abọ́, màá sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu, kí wọ́n lè mọ ibi tí abọ́ wà. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ibi tí ohùn rẹ bá ti wá, ibẹ̀ ni àtàńpàkò mi ń lọ." Bí okùn bá sì tàsé, màá sọ ibi tó bà lé. "Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mà. Apá òsì." Wọ́n á mi orí, wọ́n á tún un fì. Kò sígbà tí wọ́n lo agbára. Ọwọ́ wọn kan á gòkè, á dúró, á sọ̀ kalẹ̀, á dúró, okùn funfun náà á sì máa tú lọ lójú ọ̀run bí ẹni pé kò sí ìgbà tó fẹ́ dé.

Èmi náà gbìyànjú. Èyí àkọ́kọ́ já lé mi lórí, ó dì mọ́ mi lọ́rùn.

"Kí lo ṣe?"

"Mo jù ú, mà."

"Òkúta ni wọ́n ń jù. Eléyìí, fífì ni wọ́n ń fì í."

Mo fi agbára kún un. Ó burú sí i. Ìyá jẹ́ kó rẹ̀ mí, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Bó o bá ń kí màmá rẹ láàárọ̀, báwo lo ṣe ń ṣe?"

"Màá kúnlẹ̀, mà."

"Ṣé ojú ẹsẹ̀ lo máa ń dìde?"

"Rárá, mà. Màá dúró kí wọ́n dá mi lóhùn."

"Bó o bá dìde kí wọ́n tó dáhùn ńkọ́?"

"Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ̀hẹn. Okùn tó lọ sẹ́yìn yẹn, àgbà ni. O ti kí i. Jẹ́ kó dá ọ lóhùn kó o tó padà síwájú."

Mo fì í sẹ́yìn, mo dúró. Ó ṣe bí ẹni pé kò ní dáhùn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan rọra fà mí lọ́wọ́, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá fa èèyàn láṣọ. Mo fì í síwájú, okùn náà tú lọ fúnra rẹ̀, ó nà tán kó tó balẹ̀. Mo wo apá mi. Kò rẹ̀ mí rárá. Ìyá ò rí i, àmọ́ wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ẹni tó kọ́ ọ nílé ò ṣe lásán." Wọ́n wá ní kí n máa gbé àtàńpàkò sórí ọ̀pá, kí n máa dá ọwọ́ dúró lójijì bí ẹni gbọn omi nù lẹ́yìn tó fọwọ́ tán, nítorí ibi tí àtàńpàkò bá kọjú sí nígbà tó dúró ni okùn máa ń lọ.

Lọ́jọ́ kan àánú wọn ṣe mí. Okùn ti tàsé lẹ́ẹ̀mẹrin, ojú wọn sì ti rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tó tàsé lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo ní ó kan etí abọ́.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni wọ́n wí.

"Kò dún púpọ̀ ni, mà."

Wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀. Wọn ò bínú, ìbá sì sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní, "Gbọ́ mi. Ojú mi ń lọ, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Àmọ́ ìwọ ṣì wà. Ọjọ́ tó o bá tàn mí, ọjọ́ náà gan-an ni mo fọ́jú." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mi ò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà òjò. Lọ́jọ́ kan, omi kún kòtò dé ẹnu, etí rẹ̀ ń yọ̀, Ìyá sì ń wá ẹja lọ́jọ́ náà, kì í ṣe abọ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ náà ò bá ilẹ̀. Mo di ìró wọn mú, mo fà, mò ń ké, títí ọlọ́dẹ fi sáré dé. Omi dé wọn láyà. Wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n sì ń sọ pé nǹkan kan ò ṣe àwọn, ẹja ló fa àwọn. Ìyàwó onílé rí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù. Kó tó di ọ̀sán, ó ti pe ọmọ wọn lórí fóònù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá bí, ọkùnrin, tíṣà ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú. Àgbà ni lójú mi nígbà náà, ó sì jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́. Ó pe Ìyá, ohùn rẹ̀ ń jáde nínú fóònù débi tí mo wà.

"Màmá, mò ń bọ̀ ní Sátidé. Mò ń bọ̀ wá mú yín lọ sílé. Ojú yín ò dáa mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Ìyá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Wá fi ojú ara rẹ wò ó. Abọ́ wà ní ìṣísẹ̀ méjìdínlógún. N óò fì í lẹ́ẹ̀mẹta níwájú rẹ. Bí ọ̀kan péré bá tàsé, mo bá ọ lọ, mi ò ní jiyàn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé, o ò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́." Ọkùnrin náà ní ó dáa. Etí kòtò yẹn ló ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò ríran ò lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo bi Ìyá pé ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ò dáa ni. Wọ́n ní ó dáa. "Wọ́n fẹ́ràn mi níbẹ̀. Wọ́n á gbé mi sórí àga, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá mi, wọ́n á gbé àwo kúrò. Bí mo bá fẹ́ dìde, ẹni mẹ́rin á sáré. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi ṣe nǹkan kan mọ́ títí n óò fi kú." Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń wò wọ́n. "Ibí ni mo fẹ́ wà." Èmi náà fẹ́ kí wọ́n wà. Mo fẹ́ ẹ débi pé mi ò lè jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ náà.

Èmi àti àwọn la jọ pète ohun tí a máa ṣe. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn abọ́, ọmọ wọn á fura, nítorí náà màá máa wúkọ́. Ìgbà kan péré, kí wọ́n tó fì í.

"Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn, mà?"

"Irọ́ ni," ni wọ́n wí, wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Ọmọ mi ni mo fẹ́ pa á fún, ìyẹn wà láàárín èmi àti òun. Ìwọ, ohun tí mo bá ọ sọ ò tíì yí padà."

Àárọ̀ Sátidé náà mọ́ kedere. Ó dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó háyà, ọkọ̀ náà ń dúró lójú títì láti kó ẹrù. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wá orí rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rín bò ó bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. A gba ojú ihò ògiri wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ìṣísẹ̀ méjìdínlógún, òun ló gbé abọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ jókòó sórí bíríkì kan, ìṣísẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn abọ́, lápá ọ̀tún. Mo dúró lẹ́yìn abọ́, mo káwọ́ sẹ́yìn.

Mo wúkọ́. Okùn lọ sẹ́yìn, ó dúró, ó padà. Tín.

Ọmọ wọn gbé orí sókè. Mo tún wúkọ́. Okùn náà kọjá lójú mi, ó gùn, ó funfun, oòrùn sì wà lára rẹ̀. Tín.

Ó ku ọ̀kan. Mo rí ojú ọkùnrin náà. Ó ti di ojú ọmọdé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fẹ́ kó wọlé. Ọkàn mi balẹ̀. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá yíjú sí mi, ó fi ọwọ́ pè mí.

"Ọmọ yìí, wá ná."

Kí ni kí n ṣe? Àgbà pè mí. Kò sí ọmọ nínú ilé wa tó lè sọ fún àgbà pé kó dúró ná. Mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ikọ́ yìí pọ̀ o. Ṣé o ti lo oògùn?"

Ìbá ṣe pé mo mi orí. Ìbá ṣe pé mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àmọ́ màmá mi ti kọ́ mi pé bí àgbà bá bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, kéèyàn lanu kó dáhùn kó ṣe ketekete. "Mo ti lò ó, sà," ni mo wí. "Ẹ ṣeun, sà." Ó dún dé ògiri.

Mo gbọ́ fììì bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Mo gbọ́ ìdákẹ́. Mo ti mọ̀ kó tó padà.

Okùn náà kọjá lórí abọ́, ó kọjá lórí mi, eṣinṣin pupa náà sì bà lé èjìká ọ̀tún ọkùnrin náà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ kan aṣọ. Ó wò ó. Ó wo ìyá rẹ̀ tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó kọ etí sí wa, tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wo abọ́. Ó wo ọ̀nà ọ̀fun mi. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì kún ojú rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ ọ," ni Ìyá wí. "Ọmọ mi, ṣé ó wọlé?"

Èmi ni wọ́n ń bi. Ọkùnrin náà na ìka sí ètè. Ó fi ìka méjì mú eṣinṣin kúrò ní èjìká rẹ̀, ó ń mi orí sí mi, ó ń fi ètè lásán sọ ọ́: sọ pé ó wọlé. Òun tó gbé ọkọ̀ wá láti mú wọn lọ ló ń bẹ̀ mí báyìí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó wọlé, Ìyá máa dúró. Wọ́n máa dirun fún mi ní Sátidé tó ń bọ̀. Òjò á sì tún rọ̀, kòtò á sì tún kún. Mo fẹ́ parọ́ náà. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n bi, èmi ni.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Ó tàsé."

"Níbo ló bà lé?"

"Èjìká wọn, mà. Èjìká ọ̀tún."

Ìyá fi ìdí ọ̀pá kanlẹ̀. "Ìṣísẹ̀ mélòó?"

Mo kà á láti ibi tí mo wà títí dé ọ̀dọ̀ wọn, mò ń sunkún, mo sì ń ka ẹsẹ̀ mi sókè. "Méjìlélógún, mà."

"Méjìlélógún." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tó mú èjìká wọn mì. "Mi ò dé ogún rí." Wọ́n sì yíjú sí ibi tí ọmọ wọn wà. "Ṣé o rí i? Òun ló sọ òótọ́ fún mi. Ìwọ ti jókòó síbẹ̀ ò ń ṣẹ́jú sí i, àbí mi ò mọ ẹni tí mo bí? Lọ kó ẹrù mi."

Ọmọ wọn wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí sí ìdí ìró wọn, ó sunkún ju èmi lọ.

Ẹ má rò pé wọ́n fi ọ̀pá náà sílẹ̀ fún mi. Ó bá wọn lọ, wọ́n gbé e lé itan wọn nínú ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n fi ọwọ́ wá ojú mi, wọ́n nu omi ojú mi pẹ̀lú àtàńpàkò tó ń rùn àbẹ́là. Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá wa." Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní ta ló ń bínú. Ọkọ̀ lọ. Mo wọ yàrá wọn tó ti ṣófo, mo sì jókòó síbẹ̀ títí màmá mi fi wá mú mi. Mo kórìíra ẹnu ara mi fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n ti kú báyìí. Ọmọ wọn ló pè mí, nígbà tí èmi náà ti di àgbà. Ó sọ fún mi pé nílé lọ́hùn-ún, wọ́n ṣì ń gbé abọ́ sí àgbàlá títí wọ́n fi kú, wọ́n sì ń fì okùn wọn. Àwọn ọmọ ọmọ á tò yí wọn ká, wọ́n á máa pariwo pé ó wọlé, ó wọlé, kódà bí okùn bá há sórí òrùlé. Ìyá á sọ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Mo ní ọmọ kan l'Ékòó tí kì í ṣe báyìí."

Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe dáa. Òótọ́ tí mo sọ lé wọn kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ kú sí. Ó lè jẹ́ òun náà ni kò jẹ́ kí omi gbé wọn. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, kò sí ibi tó parí sí. Ohun tó yé mi ni pé àgbà tó bá bi èèyàn léèrè ibi tí òun kù sí, ìdáhùn ló ń fẹ́, kò fẹ́ ìkẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ilé ìdáná, wọ́n ń sọ ìtàn bí bàbá mi ṣe wá tọrọ wọn nínú òjò, tó wọ bàtà ẹlòmíì. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró lójijì, wọ́n wò mí.

"Ṣé mo ti sọ èyí fún ọ rí?"

Àbúrò mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ pé rárá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí. "Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "O ṣeun tó o sọ fún mi." Mo fa àga mi sún mọ́ wọn, mo ní kí wọ́n bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin.